Àkísà Pupa Lọ́nà Adágún

Bí ìfura bá jẹ́ oògùn àgbà lóòótọ́, a jẹ́ pé ilé Susannah Ọ̀ṣuntóyìn ni wọ́n ti ń gún un. Obìnrin yìí kì í gbà pé òjò ti dá àfi bó bá na ọwọ́ ara rẹ̀ síta. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn yín bóyá ẹnì kan ló rán yín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá ló máa ń wà, kó lè rí ìpàkọ́ gbogbo ìjọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àlùfáà bá sì ní kí gbogbo ènìyàn dijú, ojú kan ló ń dì. Ó gba Ọlọ́run gbọ́ tọkàntọkàn. Ènìyàn ni kò gbà gbọ́.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọdún keje rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Oko obì kan ló fi sílẹ̀ fún òun àti Walter, àkọ́bí wọn, àti àwọn àbúrò Walter, lẹ́yìn òkè tó wà láàárín adágún àti abúlé wọn, Ìdí-Obì, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Oko náà kò ní ìwé. Pẹ̀rẹ̀gún tí bàbá ọkọ rẹ̀ gbìn sí ààlà ni ìwé rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde sì ti ń béèrè ilẹ̀ kiri, Fátókí, bàbá Káyọ̀dé, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí kì í béèrè àlàáfíà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti wá ń bi í bóyá ó sùn dáadáa. Susannah sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń béèrè oorun ẹni, ó ní ohun tó fẹ́ ṣe nígbà téèyàn bá sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù Kejì ọdún 1986, òun àti Fàtímọ̀, aládùúgbò rẹ̀, ń yan gaàrí lábẹ́ àtíbàbà nígbà tí ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ yọ láti ojú ọ̀nà yangí. Eruku pupa ti bò ó dé ìpéǹpéjú. Irunmú rẹ̀ kún dáadáa, síbẹ̀ ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà yìí já sí adágún?"

"Ta lo ń wá ní adágún?" Susannah bi í.

"N ò wá ẹnì kankan, mà. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn."

"Mo rí i. Níbo lò ń gùn ún lọ?"

"Màá gba inú igbó, màá yí òkè yẹn po, màá gba etí adágún, màá sì padà sí Ìjẹ̀bú-Òde."

"Níbi tóo ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fa ìwé kékeré kan yọ lápò, ó kọ nǹkan sí i, ó dúpẹ́, ó lu aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Fàtímọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àgbàlagbà tó kúrò nílé kó lè padà sílé! Ìyàwó rẹ̀ ló ń sá fún."

"Kò sá fún ìyàwó kankan," ni Susannah wí. "Ẹni tó bá ń kọ̀wé lójú ọ̀nà oko olóko, ilẹ̀ ló ń wọ̀n."

Lọ́jọ́ kejì, Fàtímọ̀ lọ kó gbágùúdá tó rẹ sómi létí adágún, ṣùgbọ́n igbá òfìfo ló gbé dé.

"Ìyá Walter, wọ́n ti fi ààlè dí ọ̀nà o! Àkísà pupa ni wọ́n so mọ́ igi ní oríta, òmíràn tún ń bẹ níwájú. N ò lè torí fùfú kú."

Kò sí ọmọ abúlé tí kò mọ̀ pé àkísà kì í ṣàdédé gun igi. Olóhun ló ń so ó, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn.

"Ààlè kọ́," ni Susannah wí. "Oníkẹ̀kẹ́ àná ni. Fátókí ti ta oko ọkọ mi, ìyẹn ló wá sàmì sí i. Màá tú gbogbo rẹ̀."

"Tó bá wá jẹ́ ààlè ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù ń bẹ."

Ẹ̀jẹ̀ Jésù ń bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó dé oríta, ó já ewé kókò, ó fi wé ọwọ́ kó tó tú àkísà àkọ́kọ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ fi dán an wò.

Àkísà kan ń fi í lé òmíràn lọ́wọ́. Wọ́n mú un gba inú igbó tí oòrùn kò dé ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n mú un gun òkè tí yangí ti ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀ sí adágún tó tẹ́ pẹrẹsẹ láìmira. Ará Ìdí-Obì kì í rin irú ìrìn báyìí. Ẹni tó ń lọ sóko ń lọ sóko ni. Á gba àbùjá lọ, á gba àbùjá bọ̀, ta ló ráàyè yí òkè po? Ìdí nìyẹn tí Susannah kò fi rí ẹ̀yìn oko ọkọ rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n ti sin ín.

Ẹ̀yìn oko yẹn ni àkísà ìkẹyìn wà. Ó na ọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú.

Pẹ̀rẹ̀gún tó mọ̀ níbẹ̀ ga ju òrùlé lọ. Mẹ́fà tó wà níwájú rẹ̀ yìí kò ga ju orúnkún lọ, ilẹ̀ ìdí wọn sì rọ̀ bí ebè tuntun. Igi obì mọ́kànlá ló ti bọ́ sóde ààlà. Lẹ́yìn igi obì wọ̀nyí ló ti rí ihò mẹ́fà tí wọ́n fi ewé gbígbẹ bò.

Ó ti fura sí ohun púpọ̀ láyé rẹ̀. Ìgbà tó já sóòótọ́ kò pọ̀, kò sì mọ̀ pé á dun òun tó báyìí.

Aago kẹ̀kẹ́ dún. Oníkẹ̀kẹ́ àná ló ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀, ẹ̀gún ti ha á lẹ́sẹ̀.

"Ìyá! Ẹ̀yin lẹ ń tú àmì mi? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣìnà kiri!"

"Ta ló ní kóo sàmì sí oko ọkọ mi? Fátókí?"

"N ò mọ Fátókí. Ọ̀nà ni mo sàmì sí, mà. Bọ́dúnrìn lorúkọ mi, tíṣà ni mí. Àwa mẹ́wàá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gba ibí lọ́la, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọnù."

"Kí lẹ fẹ́ wá gbà níbí?"

"Atẹ́gùn, mà."

"Atẹ́gùn ti tán ní Ìjẹ̀bú-Òde?"

Bọ́dúnrìn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Susannah kò rín. Ọkùnrin náà ṣí ìwé rẹ̀. "Àkísà tí ẹ tú nìkan kọ́ ló dà mí láàmú. Ibí yìí náà ti yí padà. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo gba apá kejì wá, ohun tí mo kọ nìyí: 'Ìdí pẹ̀rẹ̀gún gíga mẹ́fà, yà sọ́tùn-ún.' Nígbà tí mo dé lánàá, gíga kò sí mọ́. Ọkùnrin kan ló ń gbin kékeré yìí. Ó ní ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun lòun ń tọ́jú."

Susannah fọwọ́ kan eyín iwájú ara rẹ̀. "Ṣé èyí ló kán lẹ́nu rẹ̀?"

"Òun gan-an ni, mà."

Nínú gbogbo ayé, ẹni kan ṣoṣo tó lè gba oko àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ọkùnrin tó ń jáde nílé kó lè padà sílé.

"Tíṣà, ṣé ẹ lè sọ ọ́ lójú ẹbí?"

"Lọ́la, ní aago mẹ́wàá, a ó dé ibí."

Susannah tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó kó àwọn àkísà tó ti tú fún un.

Nígbà tó di ọ̀la, wọ́n mú Bàbá Ifádárà, olórí ẹbí, àti àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí ààlà. Fátókí tẹ̀ lé wọn, ó ń run orín.

Aago mẹ́wàá kọjá. "Ìyàwó wa, àlejò yín dà?" ni Fátókí wí. "Èmi bá pẹ̀rẹ̀gún yìí níbí ni o."

Susannah wo ojú ọ̀nà, ó wo Fátókí. Ṣé tíṣà náà ò ti bá Fátókí ṣèpàdé? Ta ló rí ìwé rẹ̀ kà? Èèyàn tó wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú oòrùn! Ó ti lanu tán láti bú u nígbà tí aago kẹ̀kẹ́ dún lọ́wọ́ òkè. Àwọn mẹ́wàá ló yọ, wọ́n pupa bí yangí: olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì, nọ́ọ̀sì kan tó wọ ṣòkòtò. Orín dúró lẹ́nu Fátókí.

Bọ́dúnrìn dọ̀bálẹ̀, ó ka ìwé rẹ̀, ó sì nàka. "Òun ló dúró yẹn, Bàbá."

"Ìwé oníkẹ̀kẹ́!" ni Fátókí figbe ta. "Ṣé ìwé oníkẹ̀kẹ́ la ó máa fi dájọ́ ilẹ̀?"

Bàbá Ifádárà wo ihò mẹ́fà, ó wo pẹ̀rẹ̀gún kékeré. "Fátókí, pẹ̀rẹ̀gún àgbà di ọmọdé, ó sì rìn kọjá igi obì mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?"

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Hú u," ni Bàbá wí.

Fátókí hú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì gbìn wọ́n padà sínú ihò àtijọ́. Susannah dúró tì í. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Bàbá Káyọ̀dé. Èyí tó wà lápá ibí ń mì."

Nígbà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti lọ tán, tí Fátókí ti nu ọwọ́ rẹ̀ tó sì ti bínú lọ, Bàbá Ifádárà dìde, ó ní, "Ó tó, ìyàwó wa. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Susannah fa àpótí bàbá mọ́ra, ó jókòó, ó kọjú sí pẹ̀rẹ̀gún.

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó ta gbòǹgbò ná."