Àmì Idẹ Tí Delbert Kì í Gbé

Bí ẹ bá dé àfonífojì Possum Lick ní Kentucky lónìí, tí ẹ dárúkọ Oleta Ratliff, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún yín ni pé obìnrin náà lágídí. Ìkejì ni ìtàn Jímọ̀ọ̀ tí yìnyín bo gbogbo ọ̀nà. Oleta ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn. Ó wa ọkọ̀ ẹ̀ fún máìlì mẹ́fà lórí ọ̀nà òkè tó ń yọ̀ bí ọṣẹ, ó já wọ ilé Corda àbúrò ẹ̀ láìkanlẹ̀kùn, ó bá Delbert Mullins, ọkọ Corda, nídìí ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo, ó ní kó dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n jẹun tán ná."

"O ò ní jẹ nǹkan kan tán. Àmì ẹ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Dìde ká lọ gbé e."

"Nínú yìnyín yìí? Àmì yẹn ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ. Ó di Mọ́ńdè."

"Delbert, má jẹ́ n pariwo nílé onílé. Ìwọ lo ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ó yá, mú igi ẹ."

Delbert mú igi tó fi ń rìn, Corda lọ mú kóòtù ẹ̀ wá, wọ́n jáde. Máìlì mẹ́fà lọ, mẹ́fà bọ̀, nítorí idẹ pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, tí Oleta fúnra ẹ̀ ì bá na ọwọ́ gbé kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó gbọ́ ọ ní orí ẹ̀ ti ń dà rú. Wọn ò mọ nǹkan kan ni.

Oleta ló ń tọ́jú ilé fìtílà ní ihò èédú tí wọ́n ń pè ní Nọ́ńbà Fọ́ọ̀. Ibẹ̀ làwọn awakùsà ti ń gba fìtílà tí wọ́n ń dè mórí kí wọ́n tó wọ abẹ́ òkè, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń dá a padà sí, kó lè máa gba iná mànàmáná títí ọjọ́ kejì. Pátákó ńlá kan wà lára ògiri, ìṣó kún ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ẹ̀. Olúkúlùkù ló ní àmì idẹ tiẹ̀ tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Bó o bá ń wọ inú ihò, o máa gbé àmì ẹ kọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Bó o bá jáde, o máa gbé e padà sọ́wọ́ òsì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè ṣe é. Bí àmì ẹnì kan bá ṣì wà lọ́tùn-ún lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ relé, inú ihò ni wọ́n ń padà sí láti wá a.

Oleta kì í fi ọ̀rọ̀ pátákó yìí ṣeré, ó sì nídìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí òrùlé ihò já lu Estill ọkọ ẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó sílé fìtílà nígbà náà kì í wo pátákó, ìwé ìròyìn ló ń kà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó mọ̀ pé Estill wà lábẹ́ òkúta. Oleta ti wà nílé, ó ń gbé oúnjẹ ọkọ ẹ̀ kaná, ó ń gbé e sọ̀, ó ń bínú pé kò tètè dé. Nígbà tí wọ́n sìnkú tán tí ilé iṣẹ́ ní iṣẹ́ wo ló fẹ́, ó ní kí wọ́n lé ọkùnrin oníwèé ìròyìn yẹn dìde, kí wọ́n fún òun ní àga ẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló lò lórí àga náà. Ó mọ nọ́ńbà gbogbo wọn bí ẹni mọ orúkọ ọmọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń pè é ní Àǹtí Oleta, ó sì ń bú wọn bí àǹtí. "Ìwọ ẹlẹ́nu jẹ́bẹ́jẹ́bẹ́, padà wá gbé àmì ẹ!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á padà. Ọ̀rọ̀ kan ló ní tó máa ń sọ fún gbogbo ọ̀gá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Pátákó mi kì í parọ́."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kó sinmi, ẹni náà ni Delbert.

Iṣẹ́ Delbert ni láti tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde ní ìpẹ̀kun ihò. Òun nìkan ló máa ń wà lọ́hùn-ún. Kì í bá àwọn tó kù jáde. Ọ̀nà ẹ̀yìn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló ń gbà, ibẹ̀ ló ń gbé ọkọ̀ ẹ̀ sí, kó lè tètè délé lọ bá ajá ọdẹ ẹ̀. Bó bá jáde báyìí, á sọ fìtílà sínú àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí Oleta wá gbé e bó bá yá, ó di ilé. Àmì wo? Pátákó wo? Ẹ bi í léèrè, á fọwọ́ gbá iwájú orí, á ní, "Áà, Ẹ̀gbọ́n! Mo gbàgbé!" bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà mẹ́ta láàárín ọdún kan, Oleta tẹ fèrè nítorí ẹ̀. Nígbà mẹ́ta ni Virgil Tackett, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, kó ọkùnrin mẹ́fà tó ti rẹ̀ padà sínú ihò. Ìgbà kẹta yẹn ló burú jù. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ń fàyà wọ́ nínú omi, tí wọ́n ń ké "Delbert! Delbert!" Delbert ń bẹ létí odò, ó ń pẹja. Virgil jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé eyín.

"Àǹtí, ẹ wò mí. Ẹ wo bí mo ṣe rí. Àna yín yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a wí."

"Mo ti bá a wí títí ohùn mi há. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, kí n rán àmì mọ́ ọn létí?"

Ojú ti Oleta níwájú àwọn ọkùnrin náà, inú sì bí i. Láti oṣù kẹwàá ọdún yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí iṣẹ́ bá parí, á yọjú lójú fèrèsé ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ Delbert ò bá sí níbẹ̀ mọ́, ó ti relé nìyẹn. Oleta á pòṣé, á na ọwọ́, á gbé àmì Delbert, nọ́ńbà mọ́kàndínlógún, láti ọ̀tún sí òsì. Níbẹ̀rẹ̀ ó dùn ún. Nígbà tó fi máa di ọdún tuntun, ọwọ́ ẹ̀ ti ń ṣe é fúnra ẹ̀.

Ó wá di Jímọ̀ọ̀ kan nínú oṣù kejì, ọdún 1974. Eyín ń dun Corda. Lọ́sàn-án, ó wá gbé ọkọ̀ Delbert lẹ́yìn ihò, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, kò sì yà sí ilé fìtílà nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì, kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí òun. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Oleta yọjú lójú fèrèsé. Kò sí ọkọ̀. Ó pòṣé, ó gbé àmì.

Virgil yọrí wọlé. "Àǹtí, gbogbo wọn ti jáde?"

Oleta wo pátákó ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mọ́ fo. "Gbogbo wọn ti jáde."

Wọ́n fẹ́ tún wáyà ṣe lópin ọ̀sẹ̀ náà. Virgil lọ paná gbogbo inú ihò, àfi ti afẹ́fẹ́. Àwọn ọkùnrin ń relé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oleta ń to fìtílà sí àyè wọn níbi tí wọ́n ti ń gba iná, ó ń kà wọ́n lọ, ó dé mọ́kàndínlógún. Àyè náà ṣófo, kò sì sí fìtílà nínú àpótí ẹ̀yìn.

Inú ló kọ́kọ́ bí i o. Delbert ti gbé fìtílà ilé iṣẹ́ lọ fi ṣọdẹ ẹran òru tí wọ́n ń pè ní rákúùnù lẹ́ẹ̀kan rí, ó sì ti kìlọ̀ fún un. Ó gbé tẹlifóònù pé kóun bú u dáadáa.

Corda ló gbé e. Ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ń gbé Delbert bọ̀? Èmi ni mo gbé ọkọ̀."

"Kí lo wí?"

"Èmi ni mo gbé ọkọ̀ láti ọ̀sán. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa gbé e wálé."

"Ajá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbí, ó ń gbó mi."

Oleta ju tẹlifóònù sílẹ̀. Ó sáré jáde, ó bá Virgil níbi tó ti ń ṣí ọkọ̀ ẹ̀.

"Virgil, Delbert wà nínú ihò. Fìtílà ẹ̀ ò tíì padà. Dá iná padà, omi á ti máa kún."

Virgil mí kanlẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Àǹtí, ẹ má ṣe mí báyìí lónìí. Ó ti bá ẹnì kan wọkọ̀ lọ ni. Á ti wà nínú igbó báyìí pẹ̀lú fìtílà wa, tó ń wá rákúùnù."

"Ajá ẹ̀ wà nílé! Delbert lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà, kò jẹ́ lọ ṣọdẹ láìmú ajá!"

"Ìgbà mẹ́ta, Àǹtí. Ìgbà mẹ́ta! Ẹ wo pátákó yín, òsì ni àmì ẹ̀ wà, mo rí i. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú ń sọ pé pátákó yín kì í parọ́."

Oleta rántí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti fi ń sọ ọ́. Ọkùnrin oníwèé ìròyìn yẹn, tó ti bú láyé, tó ti ṣépè fún, òun náà ló wá rí ní ara ẹ̀.

"Èmi ni mo gbé e," ó ní.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní èmi ni mo gbé e, Virgil! Èmi! Mi ò rí i kó jáde. Ó sú mi, ni mo bá ń bá a gbé e. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin. Lọ dá iná yẹn padà kí n tó gbá ẹ létí!"

Virgil ju kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó sáré. Iná padà, fèrè dún, ọkùnrin mẹ́fà tí ò tíì rìn jìnnà padà dé, wọ́n sì wọlé. Oleta yọ mọ́kàndínlógún kúrò lọ́wọ́ òsì pátákó, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó di í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ níwájú pátákó fún wákàtí kan ààbọ̀, kò jókòó, kò gbàdúrà, èébú ló ń kó jọ. Ó ń bú Delbert, ó ń bú Corda àti eyín ẹ̀, ó ń bú ara ẹ̀ jù.

Wọ́n gbé Delbert jáde lórí àkéte pẹlẹbẹ. Òkúta ló já lé e lẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Nígbà tí iná lọ, ẹ̀rọ dákẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ti dé abíyá ẹ̀ kí iná tó padà. Ètè ẹ̀ ti dúdú, ara ẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀. Oleta jáde síta láti da gbogbo èébú tó kó jọ lé e lórí. Delbert ló kọ́kọ́ lanu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé mo ti dà yín láàmú láyé yìí. Nígbà tí omi dé àyà mi, ẹ̀rù fẹ́ bà mí, mo ní rárá. Mo ní àmì mi wà lọ́tùn-ún. Mo ní Ẹ̀gbọ́n á wò ó, wọ́n á bú mi, àmọ́ wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni relé."

Virgil ń wo bàtà ẹ̀. Ó rọrùn kí Oleta dákẹ́. Virgil nìkan ló mọ̀, ó sì hàn lójú ẹ̀ pé kò ní sọ.

"Kò sí lọ́tùn-ún, Delbert," Oleta wí. Gbogbo wọn ló gbọ́. "Mo ti gbé e kúrò. Mo ti ń bá ẹ gbé e tipẹ́."

Omi ń kán nísàlẹ̀ àkéte. Delbert wò ó títí, bí ẹni tó ń ka nǹkan tí lẹ́tà ẹ̀ kéré jù.

"Ta ló wá sọ fún wọn?"

"Èmi náà ni."

Delbert dijú, ó tún lajú. "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá gbàgbé nígbà ẹgbẹ̀rún, ẹ pè mí. Ẹ bú mi. Ẹ wá nà mí nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi gbé e mọ́."

"Mi ò ní gbé e mọ́."

"Ẹ búra."

"Mo fi Estill búra."

Oleta ṣí àtẹ́lẹwọ́, ó fi idẹ náà sọ́wọ́ Delbert. Àwọn tó gbé e ò dúró gba àṣẹ, wọ́n gbé e wọ ilé fìtílà, wọ́n gbé àkéte náà sókè dé ẹ̀gbẹ́ pátákó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ Delbert tàsé ìṣó. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé e kọ́ sọ́wọ́ òsì.

Ẹsẹ̀ náà jinná, àmọ́ igi ló fi ń rìn títí dòní, iṣẹ́ ìta ni wọ́n sì fún un nígbà tó kọ́kọ́ padà, kí wọ́n tó jẹ́ kó tún wọ ihò. Oṣù mọ́kànlá gbáko ló fi gbé àmì ẹ̀ láìyẹ̀ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ló tún gbàgbé. Jímọ̀ọ̀ ni, yìnyín sì bo gbogbo ọ̀nà.