Iyùn Tó Ń Mí

Tí mo bá rí obìnrin tó kó iyùn sọ́rùn, mo máa ń rántí àwàdà àbúrò mi obìnrin: "Òkú ni tiyín. Tèmi ń mí."

Òótọ́ ni. Ní pálọ̀ ilé wa n'Íta Fájì, ó ní àpótí gíláàsì tó kún fún omi òkun, ẹja àti iyùn ààyè, ẹ̀dá inú òkun tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Àfi bí nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bò wọ́n. Ó fi pákò ha á títí. "Ìdọ̀tí ò bá ilé yìí tan!"

Ó wá rí ìdí ẹ̀: gbogbo ilé ló ń fi búrẹ́dì ṣe sàárà fún ẹja, àjẹkù ẹ̀ ló sì ń bọ́ ìdọ̀tí náà. Ṣùgbọ́n ta ló máa ní kí àgbà má ṣe sàárà?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá Àgbà tún mú búrẹ́dì dé. Àbúrò mi kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹja ń gbààwẹ̀."

Ìyá Àgbà fa ọwọ́ padà. "Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wọn."

Sààrì díẹ̀ tí àbúrò mi ń fún wọn nìkan ni wọ́n ń jẹ báyìí. Iyùn ti mọ́ tónítóní. Bí àlejò bá sì na búrẹ́dì síbẹ̀, Ìyá Àgbà á ti pariwo: "Ẹ rọra o, wọn ò tíì ṣínu!"