Fọ́tò Ìṣílé Ìyá Onílé

Nígbà tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀ pinnu láti ṣe ayẹyẹ ìtàn àdúgbò, èmi ni wọ́n ní kí n máa kó fọ́tò àtijọ́ jọ. Tíṣà ni mí, wọ́n sì gbà pé gbogbo tíṣà ló fẹ́ràn ìtàn. Ara fẹ́ǹsì gbọ̀ngàn àdúgbò ni a fẹ́ gbé wọn kọ́ sí, kí àwọn ọmọ wa lè rí bí ibẹ̀ ṣe rí nígbà tí igbó ṣì wà láàárín ilé kan sí èkejì.

Àdúgbò yẹn náà ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ a kì í ṣe onílé. Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ aṣọ, wọ́n sì gba yàrá kan lọ́dọ̀ ìyá tó kọ́kọ́ kọ́lé ní òpópónà náà. Mo ṣì kéré nígbà tí a kó lọ sí Èjìgbò. Ilé ọkọ ló dá mi padà sí Ìsọlọ̀, kò sì tíì pẹ́ tí màmá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ikú bàbá mi.

Mo ní kí màmá mi sìn mí lọ sọ́dọ̀ ìyá onílé wa àtijọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń bi ayálégbé ní ìtàn àdúgbò? Yàrá kan la gbà, a ò ra ilẹ̀."

"Ẹ ṣáà sìn mí lọ, Màámi."

A bá ìyá onílé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n ti darúgbó gan-an, ìgbàgbé sì ti ń dà wọ́n láàmú. Màmá mi kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá onílé tẹjú mọ́ wọn títí, wọ́n wá pè wọ́n ní ìyá ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí. Kì í ṣe orúkọ mi, kì í sì í ṣe ti àbúrò mi.

"Ọmọ mi dà?" ìyá onílé bèèrè. "Ṣé ó ti lọ́kọ?"

Mo ti fẹ́ sọ pé wọ́n ṣi ẹni pè. Màmá mi di ọwọ́ mi mú.

"Ó ti kú tipẹ́, Màmá. Kò tíì rìn. Inú ilé yìí náà ló kú sí."

Ìyá onílé gbé ọwọ́ lérí. "Háà! Má bínú, ọmọ mi. Mo rántí. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Bí mo ṣe mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, àkọ́bí ni wọ́n ń pè mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi.

Ìyá onílé ní kí n lọ gbé àpótí fọ́tò wọn wá nínú yàrá. Wọ́n tú u títí wọ́n fi rí fọ́tò ìṣílé wọn. Àwọn fúnra wọn ló wà láàárín, wọ́n wọ léèsì, àlejò yí wọn ká. Ṣùgbọ́n létí fọ́tò náà, lẹ́bàá kànga, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró, ó pọ̀nmọ, ojú rẹ̀ wà níbòmíràn. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú sí wa.

"A ò ya fọ́tò rẹ̀ rí," màmá mi wí. "A ní tó bá di Iléyá ká yà á. Kò dúró di Iléyá." Wọ́n ń fi ìka pa orí ọmọ náà lára bébà. "Wo irun orí rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé irun rẹ̀ pọ̀ tó báyìí."

"Máa mú un lọ," ni ìyá onílé wí.

"Rárá, Màmá," màmá mi dáhùn. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wà lára fẹ́ǹsì pẹ̀lú tàwọn yòókù. Kí wọ́n mọ̀ pé ó gbé àdúgbò yìí."

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, orúkọ onílé ló wà lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ti ìṣílé yẹn, mo kọ orúkọ ìyá onílé, orúkọ màmá mi, àti orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Alága ẹgbẹ́ kà á, ó kọjú sí mi.

"Ṣé ayálégbé náà wà nínú ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mi orí, ó kí màmá mi dáadáa, ó sì ní kí wọ́n gbé àga fún wọn níwájú. Kílẹ̀ tó ṣú, bàbá kan tó ti gba yàrá níbẹ̀ rí ti padà lọ sílé ní Ṣógúnlé, ó sì ti mú fọ́tò tiẹ̀ dé. Àwọn míì náà ní àwọn máa mú tàwọn wá.

Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí wọ́n bá ti kírun tán, màmá mi máa ń yà sọ́dọ̀ ìyá onílé. Mi ò bá wọn lọ, mi ò sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń sọ. Mo máa ń gbọ́ ohùn màmá mi lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, wọ́n á máa kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.