Fìlà Bàbá Àgbà Lójú Ìnàkí

Ẹni tó bá ní ìnàkí ò gbọ́n, kó wá gbin àgbàdo. Èmi mọ̀ wọ́n dáadáa. Ṣáájú òmìnira, bí iléèwé bá ti gba ìsinmi, èmi àti ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a máa kúrò nílé wa ní Bẹẹrẹ, ó di oko. Àwọn ìnàkí á ti tò sórí àpáta dè wá. Akọ ńlá kan á jókòó sókè téńté, á máa ṣọ́nà. Àwọn abiyamọ wọn á gbé ọmọ jòjòló mọ́ àyà. Àwọn ọmọ tó ti gbó díẹ̀ á gun ẹ̀yìn ìyá wọn. Wọ́n á yí òkúta, wọ́n á mú àkeekèé, wọ́n á já ìrù rẹ̀ sọnù kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ta ló kọ́ wọn?

Ohun tí mi ò lè forí jì wọ́n ni pé wọn ò ka àwa obìnrin sí. Bí ọkùnrin bá yọ, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí obìnrin bá ń pariwo, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á máa họra. Bàbá àgbà sì ti kú. Àbúrò rẹ̀ wá kéde lójú gbogbo agbo ilé pé bí ìnàkí bá tún jẹ àgbàdo ọdún yẹn, òun á gba oko náà, torí oko kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Inú bí mi gan-an.

Ìyá àgbà padà sóko. Ó wọ agbádá olóògbé, ó dé fìlà rẹ̀, ó jókòó sáàárín ebè. Háà! Ìnàkí kan ò sọ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí.

Lọ́jọ́ karùn-ún, àsìkò Alaasari tó. Ìyá àgbà ò jẹ́ fi fìlà ọkùnrin kírun láéláé. Ó bọ́ agbádá, ó ṣí fìlà, ó fi ìborùn funfun bo orí, ó kọjú sí gábàsì. Akọ orí àpáta gbó lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo wọn rọ́ wọ oko. Mo sọ̀kò, mo ké. Wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni olè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún fọ́fọ́. Ìyá àgbà ò jáwọ́ nínú ìrun. Nígbà tó máa sálámà, ó yíjú sọ́tùn-ún, ìnàkí ń jẹ àgbàdo. Ó yíjú sósì, ìnàkí ń jẹ àgbàdo.

Àbúrò bàbá àgbà gba oko. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun náà gbin àgbàdo síbẹ̀. Ó lọ kírun Jímọ̀ l'Ọ́jà'ba, kó tó dé, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Agbo ilé kí i pẹ̀lẹ́, wọ́n ní ta ló lè bá ẹranko du àgbàdo. Kò sẹ́ni tó gba oko lọ́wọ́ rẹ̀.