Ìdọ̀bálẹ̀ Méjì ní Woolwich Common

N kò kórìíra ìyá ọmọ náà. Mo kàn máa ń rántí nǹkan ni. Bí ènìyàn bá ti ṣe igbákejì ọ̀gá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama n'Íbàdàn, tó wá dé London tó di ẹni tó ń bá àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún gé bébà aláwọ̀, ìrántí nìkan ni wọn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo rántí nípa ìyá yìí ni ọjọ́ ìdúpẹ́ tó ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead, nígbà tí ọmọ rẹ̀ rí ìwé gbà pé kó wá máa gbá bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ bésíbọ́ọ̀lù. Pásítọ̀ ṣàlàyé fún wa pé ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré. A ní "Praise the Lord." Ìyá rẹ̀ gba máíkì.

"Ẹ̀yin ará, tíṣà kan wà nínú ilé yìí tó ní ọwọ́ ọmọ mi ò ní wúlò fún nǹkan kan. Tíṣà dà? Tíṣà, ẹ wá wo ọwọ́ náà!"

Gbogbo ìjọ yíjú sí ìlà tí mo jókòó sí. Èmi nìkan ni tíṣà tó wà níbẹ̀.

N kò sì sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo sọ, nígbà tí ọmọ náà ń wá kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, ni pé kí wọ́n bá a wí, nítorí gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ló ń jù. Ó ju ọsàn, ó ju ìwé, ó ju bàtà mi ẹsẹ̀ òsì sínú adágún Southmere lójú àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Mo fi bàtà ẹsẹ̀ kan rìn délé lọ́jọ́ náà. Bí èyí bá jẹ́ àmì ẹ̀bùn, ẹ dárí jì mí, n kò mọ̀.

Láti ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn ni èmi àti ìyá rẹ̀ ti ń kí ara wa bí àwọn tó jọ há sínú lífìtì.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, igi ọmọ náà ṣẹ́. N kò pa òwe o. Igi tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù ló ṣẹ́ sí méjì níwájú èrò, ohun tó jáde nínú rẹ̀ sì fọ́n ká bí gúgúrú. Kọ́ọ̀kì ni, irú èyí tí wọ́n fi ń dé ìgò wáìnì. Ó ti lu ihò sí orí igi náà, ó kó kọ́ọ̀kì sínú rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́ lọ́wọ́ òun, ó sì fi gọ́ọ̀mù dí i. Òfin wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá a dúró, ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e, fídíò náà sì dé orí fóònù gbogbo ọmọ ìjọ kí òun fúnra rẹ̀ tó rí ẹni pè. Èmi náà wò ó, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dáa, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ó padà wálé nígbà òtútù tó kọjá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo bá a pàdé ní ibùdókọ̀ Woolwich Arsenal pẹ̀lú báàgì gígùn kan léjìká, ó fa fìlà bo ojú bí ẹni tí wọ́n ń wá.

"Auntie! Báwo ni? O wà okay?"

"Mo wà okay," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ṣé àlàáfíà lẹ dé?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Sorry ma. Ẹ wà okay?" Ó sì bú sẹ́rìn-ín. Wàhálà ọmọ yìí nìyẹn: bí o bá ti ń múra láti bínú sí i, á ti rẹ́rìn-ín.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ tó ń já ẹrù sẹ́nu ọ̀nà àwọn ènìyàn. Tó bá ṣíwọ́, á lọ máa ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri kan lẹ́bàá adágún, òun nìkan, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ń rí i láti ojú fèrèsé mi. N kò wò ó púpọ̀.

Ní oṣù kẹta, ìyá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti wá kẹ́yìn débi pé ilé tó mọ̀ mí sí ti wó: wọ́n ti wó búlọ́ọ̀kù wa àtijọ́, wọ́n sì kó mi wá sí tuntun yìí. Ó wo ògiri, ó wo òrùlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yín mà rẹwà o."

Mo ní kó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mo bá wá."

"Èwo nínú wọn? Èyí tó wà ní Leeds àbí èyí tó wà ní Toronto?"

"Ẹ má ṣe mí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ẹgbẹ́ kan ní Holland ti sọ pé àwọn yóò wá wo ọmọ náà, bí ó bá lè fi ìgbà ooru kan gbáko gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan níhìn-ín láìsí ẹ̀sùn. Lọ́jọ́ orí rẹ̀, kò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà nítòsí, àwọn tó ń gbá a ní Woolwich Common lọ́jọ́ Sátidé. Olórí wọn ní òun kò fẹ́ oníjìbìtì.

"Wọ́n ní ọ̀gá yín àtijọ́ ni olórí náà," ni ó wí, ó sì rọra ti kúlà náà sí ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀gá mi àtijọ́! Òyìnbó tí mo kó gbogbo ìwé ẹ̀rí mi lọ bá ní ilé-ìwé rẹ̀, tó yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ní wọ́n wú òun lórí gan-an, tó sì fún mi ní sísọ́ọ̀sì. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gé bébà lábẹ́ rẹ̀. Ní báyìí ó ti fẹ̀yìntì, ẹfun ló fi ń fa ìlà lórí pápá.

"Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́," ni ìyá náà wí. "Bí a ṣe ń ṣe é nílé. Àwa àgbà á síwájú, ọmọ á dọ̀bálẹ̀, kò ní la ẹnu rẹ̀ rárá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀."

Ibí yìí ló yẹ kí n ti sọ òótọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ṣẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Bí ó bá lanu, a ó ní ẹ wò ó, ó ṣì ń ṣe àwíjàre. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkùnrin yẹn. Mo ti rí i tó jókòó ti ọmọ kan títí aago ìṣeré fi lù, tó ń dúró kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun ya ìwé. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ẹlòmíràn ń gbẹnu sọ fún ní nǹkan tó ń fi pamọ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ yìí kò ní wọlé. Mo wo kúlà náà. Mo rántí máíkì.

Mo ní, "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ká lọ?"

Òjò ti rọ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé náà. Àwọn sójà ń sáré lápá bárékè wọn, àwọn nọ́ọ̀sì ń gba orí koríko lọ sí ibi iṣẹ́. Ọ̀gá mi àtijọ́ ń ti kẹ̀kẹ́ ẹfun rẹ̀. N kò tíì kí i tán tí ọmọ náà fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, àyà àti àgbọ̀n.

Ọ̀gá ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ gbé àpótí ìtọ́jú wá!"

Agbábọ́ọ̀lù méjì sáré gbé àpótí dé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá yà wá, ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. "Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀," ló fi Yorùbá sọ fún mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ mi ní yunifásítì, tí kò sí irú rẹ̀ ní Woolwich mọ́. Ọ̀gá gbọ́ ọ dé ìparí. Ó wá wo ẹni tó dúró lẹ́yìn mi, tí ẹrẹ̀ ń ro láti àgbọ̀n rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́ sọ fún mi?"

Ọmọ náà wolẹ̀. Ìyá rẹ̀ fún un lápá jáí kí ó má baà gbàgbé ara rẹ̀. Ọ̀gá dúró. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, èkejì kọjá.

"Ó dáa," ni ó wí níkẹyìn. "Bí kò bá ní nǹkan kan láti sọ." Ó sì padà sídìí ẹfun rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà, ìyá rẹ̀ ní ìgbéraga ló ń yọ òyìnbó yẹn lẹ́nu. Mo kọjú sí fèrèsé. Mo ti rò pé inú mi yóò dùn. Ọmọ náà ń fi áńkáṣíìfù nu àyà jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì rọra sọ sí mi létí.

"Auntie, ṣé mo dọ̀bálẹ̀ ẹ̀ dáadáa? Orí fóònù ni mo ti wò ó. Mo practise ẹ̀ lánàá."

"Ó dáa," ni mo wí. "Ó dáa ju ti àwọn tí wọ́n bí sí Ìbàdàn lọ."

Mọ́ínmọ́ín ló wà nínú kúlà náà. Ó dùn, èyí sì tún bí mi nínú.

Ní ọjọ́ Túsìdeé mo pe ọmọ náà wá sílé. Mo fi í jókòó sídìí tábìlì bí ti àtijọ́, mo mú bírò pupa mi jáde.

"Sọ ohun tí o ṣe."

"Auntie, wọ́n rí kọ́ọ̀kì nínú bat mi—"

"Ṣé kọ́ọ̀kì náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé?"

"Rárá ma. Everybody was doing it—"

"Mo bi ọ́ léèrè everybody? Everybody kọ́ ló nu àyà nínú bọ́ọ̀sì."

Ó ní ọwọ́ òun ti ń falẹ̀. Ọmọ tuntun kan wọ ẹgbẹ́ wọn tó yára ju òun lọ, òun sì mọ̀ pé àyè òun ni yóò gbà. Òun ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò, òun ti ilẹ̀kùn gáréèjì, òun ṣe é. Kò sí ẹni tó kọ́ òun.

"Nígbà tí igi yẹn ṣẹ́, Auntie, máíkì yẹn ni mo kọ́kọ́ rántí."

"Máíkì wo?"

"Èyí tí Mọ́mì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ wá sọ sorry fún yín, Mọ́mì ní kí n má lọ, pé àwọn àgbà ló máa ń settle irú ẹ̀."

Àwọn àgbà kò sì settle rẹ̀. Mo gbé bírò sílẹ̀.

"Èmi náà ní tèmi," ni mo wí. "Mo mọ̀ pé ọ̀gá yẹn kò ní gba ẹ̀bẹ̀ wa bí o kò bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ kí a tó kúrò nílé, mo sì dákẹ́."

Ó wò mí, ó wò mí. "Auntie, that's cold."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n lọ dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀."

"Mo mọ̀. Má bínú."

Ó mi orí. "Jákẹ́ẹ̀tì yẹn, new ni o," ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe. Mo sọ fún un pé bàtà mi náà, new ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa méjì la lọ. Ó dúró níwájú ọ̀gá, ó sọ ọ́: ihò, kọ́ọ̀kì, gọ́ọ̀mù, gáréèjì. Kò dárúkọ ẹlòmíràn.

"Ṣé wàá tún ṣe é?" ni ọ̀gá bi í.

"Ọwọ́ mi ò tíì yá ju ti ìgbà yẹn lọ, sà. Ó lè wù mí. Mi ò ní ṣe é."

Ọ̀gá náà rọra mi orí. Ó yíjú sí mi. Ó ní kò rọrùn fún ènìyàn láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sójú ẹni.

"Òótọ́ ni," ni mo fèsì. "Àwọn mìíràn ti fẹ̀yìntì tí wọn kò tíì sọ tiwọn."

Etí rẹ̀ pọ́n. Ó lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, ó gbé àga alákàpọ̀ kan wá, ó ṣí i fún mi níwájú gbogbo wọn. Kì í ṣe ipò tíṣà, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ènìyàn lè gbé ife tíì lé.

Ó wá mú igi ẹgbẹ́ wọn fún ọmọ náà, lẹ́yìn tó ti fi ìka kàn án kókó bí ẹni tó ń yan bàrà olómi lọ́jà. Ó ní ìgbà mẹ́ta ni òun yóò jẹ́ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i. Ọmọ náà fi igi na afẹ́fẹ́ ní àkọ́kọ́. Ó tún na afẹ́fẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì. Mo rí i tó ń wo igi náà, mo sì mọ ohun tó ń rò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, igi kàn bá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, bọ́ọ̀lù sì yí gbirigbiri lọ nínú koríko. Ọmọ náà ki eré mọ́lẹ̀. Tìmùtìmù funfun kan wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lókè, ọmọ ń bọ̀ nílẹ̀, ó kù díẹ̀. Ló bá fi àyà lélẹ̀ gbalaja, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn mi. Ìyá rẹ̀ ti wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wa.

"Dìde, ọkọ mi, dìde! Ó ti tó! Wọ́n ti gbọ́!"

Kò sí ẹni tó pe àpótí ìtọ́jú. Ọ̀gá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó wọlé. Ó yọ ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wọn, ó kọ orúkọ ọmọ náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ojú tíṣà kì í sùn: pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́.

"Ọ̀gá, mo ní bírò," ni mo wí.

"Lóṣù kẹsàn-án," ni ó dá mi lóhùn. "Bí ìgbà ooru bá parí láìsí ẹ̀sùn."

Ìyá rẹ̀ wá jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn..."

"Ẹn-ẹn?" ni mo wí. "Mò ń gbọ́."

Ó wo bàtà rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára. "Ẹ jẹ́ ká wo bọ́ọ̀lù ná," ló wí.

Kò burú. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé la ń lọ, èmi lórí àga, òun lórí koríko, mọ́ínmọ́ín láàárín wa. Wọ́n fún ọmọ rẹ̀ láyè di oṣù kẹsàn-án. Mo fún òun náà láyè di oṣù kẹsàn-án.