Tọ́ọ̀ṣì Olóbátìrì Márùn-ún Tó Kú Lórí Àpáta

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Àkúrẹ́ ṣì jẹ́ olú-ìlú fún gbogbo àwa ará Èkìtì, abà kan lórí òkè lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n ni à ń gbé, níbi tí bàbá mi ti ń gbin kòkó. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń fi fóònù tanná, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí tọ́ọ̀ṣì jẹ́ fún wa.

Bàbá mi ní ti wọn, onírin, olóbátìrì méjì. Iná rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n a ti fi ṣọ́ ewúrẹ́ tó ń rọbí mọ́jú rí, iná náà ò sì kú. Lọ́dún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, àbúrò bàbá mi ra òmíràn wálé láti ìlú, ó gùn bí apá, bátìrì márùn-ún ló ń jẹ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn ọkùnrin abà wa mọ̀ láti díwọ̀n tọ́ọ̀ṣì ni pé kí wọ́n dúró létí odò, kí wọ́n tàn án sí ara òkè lódìkejì. Iná tó bá gun òkè jù ló borí. Ti bàbá mi ò tilẹ̀ kọjá omi. Ti àbúrò wọn gun òkè dé ìdí ọ̀pẹ tó wà ní téńté.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa fi tiyín wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹní!" ni àbúrò wọn wí.

"Ó kúkú sàn, n ó rí abẹ́rẹ́ náà," ni bàbá mi fèsì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá mi gbé tiwọn sókè àjà, wọn ò sì gbé e jáde lójú ènìyàn mọ́.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn. Mo ti kà wọ́n, n kò gbàgbé ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó béèrè bí iná tuntun náà yóò ti pẹ́ tó kó tó kú.

Èkejì, ọwọ́ onísọ́ọ̀bù tó ta tọ́ọ̀ṣì náà pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ ni ó ti wá. Ìyá mi ti rán mi lọ ra iyọ̀ ní sọ́ọ̀bù rẹ̀ rí, mo sì rí bátìrì tó sá sínú atẹ lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́. Kò sílé tí wọn kì í sá bátìrì tó ti kú sóòrùn kí rédíò lè sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ń fi àkísà nu tirẹ̀, ó ń tò wọ́n padà sínú páálí tuntun. Mo sọ fún ìyá mi.

"Ṣé kí o lọ máa ka ohun tí wọ́n sá ni mo ṣe rán ẹ? Ọmọ ulé ire kì í yọjú wo ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn."

Mo panu mọ́. Ẹ̀kẹta nìyẹn, n kò yọ ara mi sílẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n ra tọ́ọ̀ṣì náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wá bá wa kórè, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, kùrukùru ti bo òkè, ìlú sì ni ilé ìgbẹ̀bí wà. Wọ́n gbé e sórí àga, ọkùnrin mẹ́rin rù ú, èmi àti ìyá mi tẹ̀lé wọn. Afẹ́fẹ́ òkè kì í jẹ́ kí àtùpà dúró. Bàbá mi nawọ́ sókè àjà.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Oòrùn ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

Bàbá mi fi í sílẹ̀.

A ò tíì rìn tó àkókò tí iṣu fi ń jinná, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dórí àpáta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú, iná funfun náà di pupa, ó sì kú. Àbúrò bàbá mi gbá a mọ́ itan. Ó yọ bátìrì, ó fi eyín tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá wọn padà. Ó tàn fìrí, mo rí ojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tún ṣókùnkùn.

"Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́sẹ̀," ni bàbá mi wí.

A ò lè lọ, a ò lè bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wí pé, "Bàbá, ẹ tanná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tanná." Orí àpáta yẹn ló bímọ sí, ọwọ́ lásán ni ìyá mi sì fi gba ọmọ nínú òkùnkùn. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ la rí i pé ìwọ́ ló yí ọmọ náà lọ́rùn tó fi kú. Ìyá mi ní bí òun bá ríran ni, òun ì bá tú u. Iná tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ ì bá ti tó.

Onísọ́ọ̀bù wá kí wa. "Amúwá Ọlọ́run ni," ló wí. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sá bátìrì." Olórí ẹbí ní kí wọ́n mú mi jáde. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, bó bá rí ẹ̀gbọ́n mi lókèèrè, á yà sí kọ̀rọ̀.

Ayé ti yí padà. Lóṣù tó kọjá, mo ra tọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Àràmọ̀kọ, èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná sáàjì. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n kọ sára páálí. Mo tàn án sínú yàrá, mo gbé aago tì í. Kò pé wákàtí méjì tó fi kú. Mo gbé e padà.

"Màmá, gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀," ni ọmọkùnrin tó tà á wí. Ojú mi ló ń wò tó fi ń rẹ́rìn-ín. Kò yà sí kọ̀rọ̀ kankan. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Bí mo sì ti ń jáde, ẹlòmíràn ti ń nawọ́ sí irú rẹ̀ kan náà.