Èèkù Idà Theresa

Ní gbogbo Jos, n kò rí ẹni tó mọ ibi tí ọ̀bẹ ti wá bíi ti Lìádì, alágbẹ̀dẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Á gbé e yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan péré, á ní, "Ti Nupe nìyí," tàbí, "Berom ló rọ ọ́." Èèkù ló máa ń wò. Ó ní irin lè jọra, ṣùgbọ́n kálukú ló ní bó ṣe ń gbẹ́ èèkù tirẹ̀. Ó sì ń fi í yangàn ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi ni mo mú Theresa lọ bá a ní 1981. Ará Filipínì ni, a jọ ń ṣe tíṣà ní Zawan. Idà tó gbé dání rí kọ́lọkọ̀lọ, ó ti dípẹtà, àwọn ìlà kan wà lára irin rẹ̀, èèkù rẹ̀ sì ń mì. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Mórò, àwọn Mùsùlùmí gúúsù ilẹ̀ wọn. Ogun gbé e kúrò nílé ní kékeré, idà yìí nìkan ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yà Mórò sì pọ̀. Theresa fẹ́ gbé idà náà lọ fún àgbà kan nílé, tó lè wò ó kó sọ ẹ̀yà tí ìyá òun ti wá. Kí Lìádì ṣáà bá òun mú èèkù le.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Lìádì ní, "Ba kome, kò sí wàhálà. Kó wá gbà á ní Jímọ̀."

Ní ìdílé Lìádì, ìtìjú gbáà ni kí wọ́n dá irin oníirin padà ní dúdú. Ó fi fáìlì ha idà náà títí ó fi ń dán. Ó rí i pé èèkù ti jẹrà, ló bá sọ ọ́ síná, ó gbẹ́ tuntun, ó sì fi awọ pupa dì í bíi ti Hausa. Inú rẹ̀ ń dùn. Èmi òmùgọ̀ náà ń yìn ín.

Theresa fi ìka wá àwọn ìlà ara irin náà, kò rí wọn. Ó béèrè èèkù àtijọ́. Lìádì wo inú ààrò. Theresa dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó fi gèlè wé idà rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́tà rẹ̀ dé láti ilé ní 1984. Àgbà náà ní irin ò sọ nǹkan kan mọ́. Ṣé Lìádì lè ya orí èèkù àtijọ́ náà sí ìwé?

Lìádì gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi. Ó fa ìlà kan, ó dúró.

"Tíṣà, mi ò wò ó," ló wí. "Mo mọ̀ pé mi ò ní lè dá a mọ̀, ni mi ò bá wò ó."

Èmi tí mo mú Theresa wá bá a náà ò wò ó. Mo kọ èsì sí Theresa pé Lìádì ń kí i.